Àlàáfíà Ni Wọ́n Wà

Fàtímọ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìborùn. Ìborùn náà wà lórí itan rẹ̀. Kifayat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nínú aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n lọ̀ tó gún régé, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ìborùn ni ìyá òun ń wá. Okun tí yóò fi dìde ló ń wá.

"Màámi, mélòó ni?"

Ìbéèrè yẹn ti wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà tí Kifayat ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ wọn lọ́sibítù pé kí aláìsàn máa fi nọ́ńbà sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe tó, láti orí òdo títí dé mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, kó lo oògùn, kó mu omi púpọ̀, kó sinmi. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, kí wọ́n pe bàbá. Bó bá ti kọjá méje, ọsibítù ló kù, kò sí àròyé.

"Méjì," ni Fàtímọ̀ dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Méjì péré. Òtútù àná ni. Ṣé o ti jẹun?"

Kifayat wo ojú ìyá rẹ̀. Ẹyin ojú náà ti pọ́n rúsúrúsú. Èémí rẹ̀ ń yára, kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ ìhà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọmú. Ẹni tí ìrora rẹ̀ jẹ́ méjì kì í di àyà mú bẹ́ẹ̀. Kifayat mọ̀. Kò sí ọmọ tó mọ ara ìyá rẹ̀ tó o ní gbogbo Òkè Baálẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago méje ti kọjá, ìdánwò WAEC tọjọ́ náà, Báyọ́lọ́jì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ń pe àìsàn tí wọ́n bí mọ́ Fàtímọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló ti kú kí wọ́n tó bí i, nítorí náà, nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké tantan pé egungun ń ro òun, àbíkú ni wọ́n pè é. Ìyá bàbá rẹ̀ fi abẹ gé etí òsì rẹ̀ díẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má baà dá a mọ̀ mọ́. Àpá náà kò kúrò níbẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní kò ní lò tó ogún ọdún. Ó pé ogún ọdún, ó sì fẹ́ Mùtàlíbù káfíńtà. Wọ́n ní kó má ṣe lóyún. Ó lóyún, ó bí Kifayat, ó sì fi oṣù méjì gbáko sùn sí ọsibítù lẹ́yìn ìbímọ.

"Gbogbo ohun tí wọ́n ní mi ò lè ṣe ni mo ṣe," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ilé-ìwé nìkan ló ṣẹ́ kù."

Òótọ́ ni. Bó bá lọ sílé-ìwé lọ́sẹ̀ kan, á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣáájú rẹ̀ lọ, tí òun náà sì jókòó sílé. Iṣẹ́ súwẹ́tà híhun ló wá kọ́. Ó ń fi òwú hun fìlà àti súwẹ́tà fún àwọn ọmọ ìkókó, ó ní òtútù tó ń dá òun lóró kò gbọdọ̀ rí ọmọ ọlọ́mọ mú. Bí Kifayat bá ti ilé-ìwé dé, àwọn méjèèjì á jọ jókòó. Ọmọ á máa kàwé sókè, ìyá á máa hun òwú, á máa tẹ́tí, á máa béèrè ọ̀rọ̀. Bí ibì kan bá ta kókó, á ní, "Tún un kà. Ó kù díẹ̀ kó yé mi." Lọ́jọ́ tí ìka rẹ̀ bá wú tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú, á gbọ́ ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ ka ìwé Báyọ́lọ́jì láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ìparí.

Nígbà tí Kifayat wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kan tí Fàtímọ̀ kì í sìn ín dé ẹnu géètì, tòun ti súwẹ́tà méjì lọ́rùn. Àwọn èèyàn á ní, "Ìyá Kifayat, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa dá lọ, kí ẹ sinmi ẹsẹ̀ yín." Á ní, "Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí nílé náà ló máa dùn mí lójú ọ̀nà. Ó sàn kí n máa rí ọmọ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Báyọ́lọ́jì ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Kifayat ti sá aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó ki orí bọ ìwé. Òjò dé lójijì. Fàtímọ̀ kò pe ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ kó aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, kó tó rí aṣọ kó tán, òjò ti pa á dé egungun. Kifayat gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè, ó rí i tó ń gbọ̀n, tó di aṣọ náà mọ́ àyà.

"Má dìde," ni Fàtímọ̀ wí. "Kàwé ẹ."

Ó pa aṣọ dà, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ọmọ rẹ̀ títí tó fi gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Kifayat gbọ́ ọ láti yàrá kejì tó ń kùn hùn-ún hùn-ún, bí ẹni tó ń kọrin sínú. Ó mọ ohun tí ìkùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó fa aṣọ bo orí.

Wàyí o, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ n pe bàbá mi," ló wí.

Mùtàlíbù ti wà ní Ìkẹ́jì-Arákẹ́jì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ń kan òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

"Kó o pè é kó wá ṣe kí ni?" ni Fàtímọ̀ bi í. "Kó já bọ́ lórí òrùlé? Bó o bá pè é, á ní kó o jókòó tì mí títí òun á fi dé. Ìdánwò ò ní dúró dè ọ́."

"Ìyá Àmínù ńkọ́? Kí n ní kí wọ́n máa yọjú sí yín?"

"Kifayat." Ó dánu dúró, ó mí. "Bí Ìyá Àmínù bá gbọ́, gbogbo àdúgbò gbọ́ nìyẹn. Wọ́n á kún ilé yìí fọ́fọ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ pè ọ́ nílé-ìwé. Mo ti lo oògùn. Kó o tó dé, màá ti dìde. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́?"

Ọkàn Kifayat pín sí méjì. Apá kan ń sọ pé, irọ́ ni ìyá ẹ ń pa. Apá kejì ń sọ pé, bó o bá gbà pé irọ́ ni, o ò ní lè lọ mọ́. Ó wo aago. Ó gba irọ́ náà gbọ́, nítorí pé òun ló rọrùn láti gbà gbọ́.

Ó gbé ike omi àti fóònù sí ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ á tó, ó kúnlẹ̀. Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà gbóná bí ọwọ́ ẹni tó ń yáná.

"Ọlọ́hun á là ọ́ lóye. Gbogbo ohun tá a jọ kà, kò ní í sá fún ọ."

"Àmín, Màámi."

Bó ṣe jáde, Ìyá Àmínù ń gbá iwájú ilé tirẹ̀. Ilé àwọn méjèèjì fara kanra ni, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Obìnrin náà nà ró, ó fi ìgbálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kifa, ọmọ dáadáa. Òní ni Báyọ́lọ́jì, àbí? Ọlọ́hun á ṣe é ní ìrọ̀rùn."

"Àmín, mà."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Mi ò tíì gbúròó wọn láàárọ̀ yìí."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú sí wọn.

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, mà," ló sọ, ó sì yára kọjá.

Ní ilé-ìwé, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n pín wọn jókòó, wọ́n pín ìwé. Ìbéèrè kìn-ín-ní yá Kifayat lára. Ìkejì náà yá a lára. Ó ṣí ìkẹta. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA fẹ́ obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS; kí wọ́n fa ìlà, kí wọ́n fi irú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn máa ní hàn. Wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ ohun mẹ́ta tó lè mú kí ìrora dé bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lójijì, àti àmì méjì tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ó fa ìlà náà láìronú. Ọmọ tó ń jáde nínú rẹ̀ ni òun gan-an: AS, AS, AS, AS. Ó kọ àìmumitó, ó kọ àṣejù iṣẹ́, ó kọ òtútù. Ìka rẹ̀ dúró lórí òtútù. Nígbà tó kan àmì tó léwu, ó kọ ọ́ báyìí: àyà dídùn, èémí kúkúrú.

Ó wo ohun tó kọ. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ òun ló kọ ọ́. Òógùn bò ó. Ó na ọwọ́ sókè, olùṣọ́ ìdánwò sì wá bá a, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ pe ilé. Ara ìyá mi ò yá."

"Ta ló ránṣẹ́ sí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé bó o bá jáde níbí, ìwé ẹ parí nìyẹn? O ò ní padà wọlé mọ́. Ṣé o fẹ́ jáde?"

Gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣì kù. Ó rántí ọwọ́ gbígbóná tó wà lórí rẹ̀ láàárọ̀. Ó rántí "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Rárá, sà," ló wí. Ó jókòó. Ó dáhùn èyí tó kù, ṣùgbọ́n bó o bá bi í lónìí, kò lè sọ ohun tó kọ.

Nígbà tó máa fi gba fóònù rẹ̀ padà, Ìyá Àmínù ti pè é nígbà mọ́kànlá, bàbá rẹ̀ ti pè é nígbà mẹ́ta. Ó pe Ìyá Àmínù padà.

"Ọsibítù la wà," ni Ìyá Àmínù wí. "Máa bọ̀."

Ó gun ọ̀kadà. Ó ń bẹ ọlọ́kadà pé kó sáré sí i, ọlọ́kadà sì ń sọ fún un pé eré tí òun ń sá ti tó èyí tó lè pa àwọn méjèèjì.

Ìyá Àmínù ló pàdé lẹ́nu wọ́ọ̀dù, láìwọ bàtà. Ó ti gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì lẹ́yìn ògiri, ó sáré wọlé, ó bá Fàtímọ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò lókun láti tẹ̀ ẹ́. Kò ráyè wá bàtà rárá. Fàtímọ̀ wà lórí ibùsùn báyìí, wọ́n ti fi ike afẹ́fẹ́ bo imú àti ẹnu rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí àyà ẹyẹ.

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí oorun wà lójú rẹ̀, yíjú sí wọn. "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀? Ìgbà wo ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n?"

Kò sí ẹlòmíràn tó lè dáhùn. "Kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Kifayat wí.

"Kí ilẹ̀ tó mọ́? Aago kan ti fẹ́ lù."

Ìyá Àmínù yí ojú padà, ó wo Kifayat. Kifayat ì bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ìyá rẹ̀ ti ń dí, ẹ̀jẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ lára rẹ̀, àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i kíá. Kifayat ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ fa tèmi."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ọjọ́ orí ẹ ò tíì tó. Kódà bó tó, bí ìyá bá jẹ́ SS, AA kọ́ lọmọ máa jẹ́. A kì í fi irú ẹ̀jẹ̀ ẹ ṣe èyí."

Kifayat mọ̀ pé òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìlà náà láàárọ̀. Ìyá Àmínù ló lọ dùbúlẹ̀, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Fàtímọ̀ mu. Kifayat dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó rí i pé òun mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ìyá òun, òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, òun lè ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè fi èémí kan ṣoṣo kún un.

Mùtàlíbù dé láti Ìkẹ́jì, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Fàtímọ̀ la ojú. Ó fi ọwọ́ yọ ike náà díẹ̀.

"Ìdánwò," ló wí. "Ṣé ohun tá a kà jáde?"

"Ó jáde, Màámi."

"O dáhùn gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀." Kifayat gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe méjì."

Ó pẹ́ kí Fàtímọ̀ tó rí èémí tó máa fi sọ̀rọ̀. "Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kó o lọ ni."

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, Kifayat ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wo ojú aláìsàn, ó pe ìkejì, ó ní kí Kifayat jáde. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ tútù náà lọ́wọ́. Wọn kò pè é wọlé mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin Fàtímọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Mùtàlíbù bi dókítà pé bí wọ́n bá ti gbé e dé láàárọ̀ ńkọ́. Dókítà náà kò purọ́ fún un. "Mi ò mọ̀, sà," ló wí. "Ó lè mú ìyàtọ̀ wá. Ó sì lè má mú un wá. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú." Àwọn èèyàn di òwe náà mú, wọ́n fi ń tu Kifayat nínú. Òun kò gbọ́ òwe. "Ó lè mú ìyàtọ̀ wá" ló gbọ́.

Kifayat kò lè lọ ṣe ìdánwò Kẹ́mísírì tó tẹ̀lé e. Ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Lẹ́yìn àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti lọ, Ìyá Àmínù pè é jókòó.

"Kifa, mi ò bínú sí ọ. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀. Mo bi ọ́ léèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí ló dé tó o fi ní àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

"Mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ rí?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ògiri. "Ògiri ló wà láàárín wa," ló wí. "Ògiri lásán." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Kifayat náà sì sunkún. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Báyọ́lọ́jì rẹ̀ gba A1. Kò sí èsì fún Kẹ́mísírì. Mùtàlíbù di ìwé náà mú pẹ́ títí, ó ní, "Ìyá ẹ ló gba èyí," ó sì dá a padà fún un. Kifayat kò fi hàn ẹnikẹ́ni. Ó gba A1 nínú ohun tó mọ̀ tí kò sì lò.

Wọ́n mú un lọ sí Iléṣà, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, kó lè tún ìdánwò ṣe. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatóyìn ló ń jókòó tì í ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdánwò àṣewò, Tóyìn gbé orí lé tábìlì, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ di ikùn mú.

"Ara mi le," ló wí lábẹ́lẹ̀. "Ó máa lọ. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé."

Kifayat wò ó lójú. Ó dìde, ó lọ bá olùkọ́, ó sì sọ ọ́ sókè, kíláàsì gbọ́. Wọ́n gbé Tóyìn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà. Ìfun kan ló ti wú nínú rẹ̀ tó fẹ́ bẹ́. Inú Kifayat dùn, ṣùgbọ́n nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó sunkún, nítorí pé kò sí èyí tó lè dá ìyá rẹ̀ padà fún un.

Ẹni tó fẹ́ràn wa lè fi ìrora pa mọ́ nítorí tiwa; ìfẹ́ ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tá a sì fẹ́ràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà fún un nítorí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ohun tí ojú wa bá rí, kí ẹnu wa sọ ọ́ ní àsìkò, fún bàbá, fún olùkọ́, fún aládùúgbò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá sì bá aláìsàn dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè di ti àwọn méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Tóyìn tó padà sí kíláàsì. Kò kí Kifayat. Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, ó yí padà sí i.

"Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má sọ. O sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn! Mi ò lè sọ ohunkóhun fún ọ mọ́ láyé."

"Bínú sí mi bó o ṣe fẹ́," ni Kifayat wí. "Ẹni tó ń bínú ń mí."